Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilẹ̀ ń mì: bí a ṣe fi òòfà àti sípíríǹgì gbọ́ kúárì àdúgbò wa

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń mì."

Bàbá onílé wa ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, lẹ́yìn Abẹ́òkúta níhà Ọ̀dẹ̀dá, lọ́jọ́ tí aṣojú kúárì wá bá wa jókòó. Bàbá ní bí fèrè wọn bá ti dún tán, tí wọ́n sì fọ́ àpáta, àtẹ́lẹsẹ̀ òun máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Yóò dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé yóò tún gbọ̀n. Ọ̀dọ́kùnrin tí ilé-iṣẹ́ náà rán wá fi sùúrù dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ń yìn ín. Kò lè mì lẹ́ẹ̀mejì." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìpàdé fi tú ká, ó kàn ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Iṣẹ́ káfíńtà ni Bàbá ṣe jẹun láti kékeré. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́ bí pákó ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ayùn kì í ṣe ẹni tí à ń kọ́ ní ìyàtọ̀ ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ohun tó fa ìpàdé náà ni pé ògiri ilé mọ́kànlá ti sán ládùúgbò. Tiwa sán láti igun fèrèsé ilé ìdáná, ó wá dábùú sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì. Ìka kò lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀bẹ wọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn onílé ní kúárì ló fà á. Aṣojú kúárì ní mímì àwọn kì í dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ẹnì kan ní ká lọ sí kóòtù, ẹlòmíràn ní ká lọ dí ọ̀nà típà wọn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Ẹ mú ẹ̀rí wá." Èmi ni mo dìde pé n óò wá ẹ̀rọ tí yóò wọn mímì ilẹ̀. Iṣẹ́ ìnfátà àti sólà ni mò ń ṣe. Mo mọ wáyà, mo mọ mítà, ṣùgbọ́n n kò mọ ilẹ̀.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kì í mì tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ìmìtìtì kan ṣẹlẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ní orílẹ̀-èdè Benin àti ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, Abẹ́òkúta náà sì wà lára ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ìjọba ní àwọn ibùdó tó ń gbọ́ ilẹ̀. Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi ni olú wọn wà, ọ̀kan sì wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmìtìtì ńlá ni wọ́n ń dẹtí sí. Kò sí èyí tó máa bá wa gbọ́ kúárì kan tí kò jìnnà sí ilé ìdáná wa ju nǹkan bí ẹgbẹ̀ta mítà lọ.

Ọgbọ́n ẹ̀rọ náà kò le. Ẹ so òkúta kékeré mọ́ rọ́bà gígùn, ẹ di orí rọ́bà mú, kí ẹ wá mi ọwọ́ yín sókè sódò kíákíá. Ọwọ́ yín ni yóò máa lọ, òkúta yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Ọwọ́ yín ni ilẹ̀. Bí òkúta bá wá jẹ́ òòfà, tí a sì we wáyà yí i ká, tí wáyà náà jókòó sórí ilẹ̀, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá mì ni wáyà yóò máa rìn kọjá lára òòfà, iná díẹ̀ yóò sì jáde nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe yára tó ni iná náà yóò ṣe pọ̀ tó. Ọmọ Rọ́ṣíà kan, Boris Golitsyn, ló gbé ẹ̀rọ olóòfà báyìí kalẹ̀ ní 1906, ọgbọ́n kan náà ló sì wà nínú èyí tí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ń gún mọ́lẹ̀ títí dòní.

Sípíríǹgì ni mo kọ́kọ́ wá. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀, nítorí bí ó bá le, òòfà yóò máa bá ilẹ̀ rìn pọ̀ ni, kò ní sí ohun tí wáyà máa gbọ́. Rúlà lásán ni a fi ń mọ bó ṣe rọ̀ tó: ẹ gbé ẹrù kọ́ ọ, kí ẹ wọn ibi tó sọ̀ kalẹ̀ dé. Bí ó bá sọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, ìgbà márùn-ún ni yóò máa fò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó lè fò lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25. Èyí tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pàǹtí irin ní Láfẹ́nwá sọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6.2 nígbà tí mo gbé òòfà kọ́ ọ, ìyẹn ìgbà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá. Mímì kúárì máa ń yára ju ìyẹn lọ dáadáa, nítorí náà ó tó mi lò.

Òòfà pẹlẹbẹ ribiti-ribiti ni mo rà ní Alábà, mo tò wọ́n léra títí gbogbo ẹrù náà fi wọn gíráàmù 200. Ọmọkùnrin tó ń wé kọ́ìlì fáànù ló bá mi wé wáyà kópà tín-ín-rín, mìlímítà 0.1, ìgbà 3,000 yí páìpù PVC ká. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ títí ó fi ka iye náà tán. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, ó fún mi ní nǹkan bí ọ́ọ̀mù 600, iye tó yẹ kí wáyà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ gan-an. Mo mọ̀ nígbà náà pé kò sí ibi tó já.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni férémù. Mo ní kí wẹ́ńdà jó irin fún mi, mo sì gbé òòfà kọ́ sáàárín rẹ̀. Kí n tó yọwọ́, òòfà ti fò mọ́ irin lápá òsì, gbàmù! Mo fà á kúrò, ó fò mọ́ apá ọ̀tún. Bàbá tó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o fi irin kọ́lé fún òòfà?" Ó wọlé lọ, ó mú àjákù ìrókò jáde, ó sì fi ọ̀sán ọjọ́ kan kan férémù tuntun fún mi tí kò sí ìṣó kankan nínú rẹ̀, gọ́ọ̀mù àti èèkàn igi nìkan ló fi dè é. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ yìí ti di tiwa méjèèjì.

Ìṣòro kejì ni pé òòfà kì í tètè dákẹ́. Bí ẹnìkan bá kàn án, yóò máa fò fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ yóò sì bo èyí tó ń bọ̀. Ẹni tó ń tún éyàkọ́ńdíṣọ́nnà ṣe ló fún mi ní àjákù páìpù kópà rẹ̀ tó nípọn. Kópà kì í fa òòfà, ṣùgbọ́n bí òòfà bá ń rìn nínú rẹ̀, iná máa ń yí po lára páìpù, iná náà yóò sì máa dá òòfà dúró. Bàbá mú òòfà kan, ó jù ú sí orí páìpù. Kò jábọ́ bí òkúta. Ó ń bọ̀ wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń rìn nínú oyin, bẹ́ẹ̀ ni kò fara kan ògiri páìpù. Ó tún un jù. Ó jù ú tó ìgbà méje, lójú kan náà, láìsọ̀rọ̀. A wá jẹ́ kí ìsàlẹ̀ òòfà wọ inú páìpù náà, tí òkè rẹ̀ wà nínú kọ́ìlì. Ó fò lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó dákẹ́.

Arduino, ìyẹn bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni mo fi ka iná tó ń jáde, mo sì fi káàdì SD gbà á sílẹ̀. Ojú Arduino fúnra rẹ̀ kò ríran tó: nǹkan bí mìlífóltì 5 ni ìṣísẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìlà tí mímì ń yà sójú kọ̀ǹpútà mi rí bí àtẹ̀gùn. Mo ra ADS1115, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná di nọ́ńbà, ní Computer Village, Ìkẹjà. Èyí ń ka máíkírófóltì 7.8 ní ìṣísẹ̀ kan. Ìlà wá di ìlà.

Àmọ́ ìlà tó nípọn bí okùn ni. Ohun kan ń gbọ̀n nínú rẹ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá láìdáwọ́dúró, iye náà sì ni iná NEPA ń lò. Mo gbà pé wáyà mi ló ń fa iná mọ́ra. Mo fi odidi ọjọ́ mẹ́ta pààrọ̀ wáyà, mo fi fóìlì wé e, mo gún ẹ́ẹ̀tì, kò yí padà. Ìgbà tó yá ni mo ronú ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe: mo fi fóòmù há òòfà mọ́lẹ̀ kó má lè mira. Bí ó bá jẹ́ pé wáyà ló ń fa iná, kò yẹ kí fóòmù dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìlà náà parẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ ló ń mì lóòótọ́. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ni, tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 gan-an ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí, ẹ má fi ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò bíi tèmi. Ẹ há òòfà yín mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fura sí wáyà.

Nígbà tí ó pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, mo gbọ́ ilẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Tírélà kan kọjá lójú títì, mo rí i bó ṣe ń wú díẹ̀díẹ̀ tó sì tún ń lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, ìyàwó mi gúnyán nínú àgbàlá, gbogbo bí ọmọ odó ṣe ń balẹ̀ ni mo kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, a da kọnkéré síbẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ náà, a gbé ẹ̀rọ lé e, a sì fi agbada dé e mọ́lẹ̀ nítorí òjò àti atẹ́gùn. Lórí táìsì inú ilé, ẹsẹ̀ ọmọdé nìkan ni ìbá máa gbọ́.

Ohun tó kù ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Mo ní mìlífóltì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ògiri kò mọ mìlífóltì. Mìlímítà mélòó ni ilẹ̀ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan? Bí n kò bá lè dáhùn ìyẹn níwájú ẹni tí kò fẹ́ gbà mí gbọ́, gbogbo ìlà mi kò wúlò. Mo ra òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, nítorí òòfà kì í fa òjé, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kó bá mi wọ̀n ọ́n, mo sì fi fáìlì rá a títí ó fi ku gíráàmù 2 géérégé. Ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún òòfà wa. Bí a bá fi òwú so ó rọ̀ sábẹ́ òòfà, yóò fa sípíríǹgì gùn sí i ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà 6.2, ìyẹn mìlímítà 0.62. Bí òwú bá já lójijì, òòfà yóò gòkè ní mìlímítà 0.62, kò ní lé, kò ní dín. Iná tó bá jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn yẹn dé òpin rẹ̀, tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a wá fi ìrìn náà pín in, òun ni ìwọ̀n tí à ń wá.

Sísọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn. Bí o bá fi sísọ́ọ̀sì gé òwú, ọwọ́ rẹ yóò mi òòfà. Iná la fi ń jó o. Ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, Bàbá dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní, ó ṣá ìṣáná, ó sì na iná kékeré náà sábẹ́ férémù. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Òwú dúdú, ó tín-ín-rín, ó já. Òjé bọ́ sórí àkísà tí a tẹ́ sílẹ̀ de é. A ṣe é nígbà ogún. Iye tí a rí sún mọ́ ara wọn: mìlífóltì 30 fún mìlímítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá, pẹ̀lú àṣìṣe tí kò ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ọjọ́ Thursday tó tẹ̀lé e, fèrè kúárì dún. Èmi àti Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ agbada. Ilẹ̀ gbọ̀n, a sì gbọ́ gbìì, páànù òrùlé hó, fèrèsé pariwo. Mo gbé káàdì lọ sínú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n ju ilẹ̀ lọ. Ìlà náà lọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fò sókè sódò fún bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún fò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Àárín àkọ́kọ́ àti ìkejì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1.6.

Mo yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ Bàbá, mo nawọ́ sí ọ̀kan, mo nawọ́ sí èkejì. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mo sọ fún wọn."

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n yìn ín lóòótọ́, ọ̀dọ́kùnrin yẹn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ariwo àpáta gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó gba inú àpáta yára gan-an. Nínú òkúta líle bíi ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ó ń rìn tó kìlómítà mẹ́rin sí márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó gba inú afẹ́fẹ́ kò ju mítà 351 lọ nínú ooru ọ̀sán bíi ti ọjọ́ yẹn. Àkọ́kọ́ ń mi ilẹ̀. Ìkejì ń ti ògiri, ó ń gbọn páànù, ilé náà sì ń gbé e kalẹ̀ sínú ìpìlẹ̀. Mo fi ìṣẹ́jú àáyá 1.6 yẹn ṣírò bí ibi tí wọ́n ti fọ́ àpáta ṣe jìnnà sí wa, ó fún mi ní nǹkan bí mítà 610. Mo ṣí máàpù Google, mo fa ìlà láti ilé wa dé ojú àpáta tí wọ́n ń gé: ó lé díẹ̀ ní 600. Ọjọ́ yẹn ni mo gba ẹ̀rọ náà gbọ́ tọkàntọkàn.

A gba bíláàsì méje, ìyẹn ìgbà méje tí wọ́n fọ́ àpáta, sílẹ̀. Mẹ́fà nínú wọn wà láàárín mìlímítà 1.4 sí 2.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì ń gbọ̀n ní bí ìgbà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìlànà àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń pè ní DIN 4150-3 fi 5 ṣe ààlà fún ilé gbígbé bí mímì bá wà láàárín ìgbà 1 sí 10, ààlà náà sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí mímì bá ṣe ń yára sí i. Ní ìgbà 12, 5.5 ni. Nítorí náà mẹ́fà kò dé ààlà. Ìkeje dé 6.4.

Mo tún ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kéékèèké méjì sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ògiri ilé ìdáná ti lanu, mo kọ ọjọ́ síbẹ̀, mo sì ń wọn àárín wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kúárì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lásìkò kan, wọn kò yìn ohunkóhun. Ẹnu ògiri náà ń la sí i nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gan-an, bí ilẹ̀ ṣe ń gbẹ. Apá ibẹ̀ ni wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé. Mo sọ èyí fún ẹgbẹ́ onílé kí a tó lọ bá kúárì. Ẹnì kan bínú sí mi, ó ní mo ti gba owó lọ́wọ́ wọn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ìwọ̀n tí mo bá fi pamọ́ nítorí pé kò gbè wá, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó bá gbè wá.

Ní ìpàdé kejì, ilé-iṣẹ́ náà mú ọ̀gá tó ń bójú tó bíláàsì wá, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mìlímítà ni?" Mo sọ ti òjé, ti òwú àti ti ìṣáná. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fi fóònù rẹ̀ ṣírò ó fúnra rẹ̀, ó sì mi orí. Mo sọ fún un pé òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ mi ń gbọ́, kò gbọ́ ẹ̀gbẹ́, nítorí náà òótọ́ lè ju ohun tí mo kọ lọ. Ó wá bi mí ní ọjọ́ tí 6.4 ṣẹlẹ̀. Ó ṣí ìwé tirẹ̀.

Ihò tí wọ́n ń kó ẹ̀tù sí nínú àpáta kì í bú lẹ́ẹ̀kan náà; wọ́n máa ń fi àlàfo díẹ̀ sí àárín wọn, bíi ìdá kan nínú ogójì ìṣẹ́jú àáyá, kí mímì ọ̀kan má bàa gun orí èkejì. Lọ́jọ́ náà, òjò ti lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí wọ́n padà, wọ́n so ihò mẹ́rin-mẹ́rin pọ̀ kí iṣẹ́ lè tètè parí. Bí ẹ̀tù tó bú lẹ́ẹ̀kan náà bá di ìlọ́po mẹ́rin, mímì rẹ̀ máa ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ìlọ́po mẹ́ta 2.1, tó wà láàárín ìwọ̀n àwọn mẹ́fà yòókù, ni 6.3. Ó wo ìwé tèmi, ó wo tirẹ̀. Ó ní, "Ó bá a mu." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Bàbá, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ. Èyí tó gba afẹ́fẹ́ lẹ gbọ́ ṣìkejì."

Wọn kò fún wa ní kọ́bọ̀ fún àtúnṣe ilé. Ohun tí wọ́n gbà láti ṣe ni pé wọn kò ní so ihò pọ̀ mọ́, wọn yóò máa pe alága wa lórí fóònù kí wọ́n tó yìn ín, àti pé òkúta wẹ́wẹ́ ni wọn yóò máa fi dí ẹnu ihò, kì í ṣe eruku àpáta tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Eruku máa ń fò jáde kíá, agbára ẹ̀tù yóò sì bá ẹnu ihò jáde sínú afẹ́fẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ máa ń há mọ́ra, á sì dí i pa. Mo tọrọ ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà, wọ́n sì fún wa.

Bíláàsì àkọ́kọ́ lẹ́yìn àdéhùn bọ́ sí oṣù keje. Alága pè wá ní wákàtí kan ṣáájú. Bàbá bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lé símẹ́ńtì, ó di ojú. Fèrè dún. Mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá lábẹ́nu.

"Ẹ̀ẹ̀kan," Bàbá wí, ó dákẹ́ díẹ̀, "àti ààbọ̀."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mímì kejì wà níbẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá 1.6 lẹ́yìn àkọ́kọ́, kò sì ga ju ìdajì bó ṣe máa ń ga tẹ́lẹ̀ lọ.